Babaláwo Ń Dífá Ọrọọrún: Bí Olórí Ṣe Lè Ráyè Ronú

Òwe Yorùbá kan sọ pé, "Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún." Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú òwe yìí. Ọrún ni ọjọ́ karùn-ún. Ọrọọrún sì ni gbogbo ọjọ́ karùn-ún. Bí Yorùbá bá ń ka ọjọ́, a máa ń ka ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ mọ́ ọn. Bí babaláwo bá dífá lónìí, òní ni ọjọ́ kìíní, ọ̀la ni ọjọ́ kejì, ọ̀túnla ni ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin tẹ̀ lé e, nígbà tí ó bá sì di ọjọ́ karùn-ún, yóò tún gbé ọpọ́n Ifá kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ ayé àtijọ́, tí ó jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, ni òwe náà ń tọ́ka sí. Ọjọ́ karùn-ún yẹn ni ọ̀sẹ̀ tuntun bẹ̀rẹ̀.

Babaláwo inú òwe yìí kò dúró kí ìṣòro dé kí ó tó béèrè bí ọ̀la yóò ṣe rí. Ó ti dá ọjọ́. Yálà àlejò wà nílé tàbí kò sí, yálà iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ó dínkù, ọjọ́ náà pé, ó sì jókòó sídìí ọpọ́n. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣàlàyé nìyẹn. Olórí tí iṣẹ́ bò mọ́lẹ̀ tí ó ń retí ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ yóò dilẹ̀ kí ó tó ronú nípa ọjọ́ iwájú, ìgbà náà kò ní dé. Ó ní láti dá ọjọ́ fún un, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ ọjọ́ náà, kí ẹnì kan sì bá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ni àròjinlẹ̀?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń darí àwọn ẹlòmíràn, ìbáà jẹ́ alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ọ̀gá ilé-ìwé, pásítọ̀, ìmáàmù, tàbí ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù tí òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré wà níbẹ̀, oríṣi iṣẹ́ méjì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkíní ni iṣẹ́ òòjọ́: kí ó dáhùn lẹ́tà, kí ó san owó gbọ̀ngàn, kí ó parí ìjà láàárín ẹni méjì, kí ó gbé fóònù tí ó ń dún. Èkejì ni àròjinlẹ̀. Ẹni tí ó ń ro àròjinlẹ̀ máa ń bi ara rẹ̀ pé: Níbo ni à ń lọ? Kí ni ó ń yí padà ní àyíká wa? Kí ni ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀ lónìí kí ọdún mẹ́wàá sí i má baà bá wa lójijì? Kí ni ó yẹ kí a fi sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ ti mọ́ wa lára?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1954, Dwight Eisenhower, tí ó jẹ́ Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, sọ̀rọ̀ ní ìlú Evanston ní ìpínlẹ̀ Illinois, níbi àpéjọ àwọn ìjọ Kristẹni láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó ní òun gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan tí ó ti jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ gíga rí. Ẹni náà ní ìṣòro òun pín sí méjì: èyí tí ó jẹ́ kánjúkánjú àti èyí tí ó ṣe pàtàkì. Ó ní èyí tí ó jẹ́ kánjúkánjú kì í ṣe pàtàkì, èyí tí ó sì ṣe pàtàkì kì í jẹ́ kánjúkánjú.

Ọ̀rọ̀ náà ní àsọdùn díẹ̀ nínú, nítorí àwọn ọ̀ràn kan wà tí wọ́n jẹ́ méjèèjì. Bí ilé bá ń jó, kò sí ẹni tí yóò jókòó máa ronú. Síbẹ̀, òótọ́ pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kánjúkánjú máa ń pariwo. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ó ń pe fóònù, ó ń ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ọ̀gànjọ́ òru. Ọ̀rọ̀ pàtàkì kì í pariwo. Ó lè jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé fún ọdún mẹ́wàá láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí ó bá sì sọ̀rọ̀, ẹ̀pa lè má bóró mọ́.

Níbo ni àkókò olórí ń gbà lọ?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ọ̀gá ńlá máa ń jókòó sínú ọ́fíìsì tó parọ́rọ́, tí wọ́n ń ronú. Henry Mintzberg, onímọ̀ kan láti orílẹ̀-èdè Kánádà, fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó tẹ̀ lé ọ̀gá iléeṣẹ́ márùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ń kọ ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Ìwé tí ó kọ lórí iṣẹ́ àwọn ọ̀gá jáde ní ọdún 1973. Nínú gbogbo ohun tí àwọn ọ̀gá náà dáwọ́ lé, ìdajì ni kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ìdá kan péré nínú mẹ́wàá ni ó ju wákàtí kan lọ. Bí wọ́n ti ń gbé èyí ni wọ́n ń sọ tọ̀hún kalẹ̀.

Ní ọdún 2018, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Harvard, Michael Porter àti Nitin Nohria, gbé àbájáde irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde lórí ọ̀gá àgbà 27. Wọ́n ṣe àkọsílẹ̀ bí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ń lo àkókò fún ọ̀sẹ̀ 13. Nínú wákàtí 100 tí àwọn ọ̀gá náà bá fi ṣiṣẹ́, bí 72 ni ó ń lọ sí ìpàdé. A rí i pé láti 1973 títí di 2018, nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àkókò olórí jẹ́ oúnjẹ tí ọwọ́ púpọ̀ ń bù. Bí kò bá bu tirẹ̀ sọ́tọ̀, àwo yóò ṣófo.

Ohun kejì tí ó ń jẹ àkókò ni pé ọ̀rọ̀ kékeré rọrùn láti sọ ju ọ̀rọ̀ ńlá lọ. Òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, C. Northcote Parkinson, fi ìtàn àròsọ kan ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí èyí nínú ìwé tí ó kọ ní nǹkan bí ọdún 1957. Ìgbìmọ̀ kan fẹ́ fi mílíọ̀nù mẹ́wàá pọ́n-ùn kọ́ ilé agbára átọ́míìkì. Ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ ni wọ́n fi fọwọ́ sí i, nítorí púpọ̀ nínú wọn kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kan bùkà tí àwọn òṣìṣẹ́ yóò máa gbé kẹ̀kẹ́ wọn sí. Ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fi jiyàn lórí ìyẹn, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ bùkà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sílé. Ká ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Alága wọn jẹ́ obìnrin, nọ́ọ̀sì tí ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni ìpàdé wọn, láti aago mẹ́rin sí aago méje. Kí àwọn ènìyàn tó pé, aago mẹ́rin ti kọjá dáadáa. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá, wọ́n kí àwọn tó bímọ, wọ́n bá àwọn tó ṣòfò kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí fún ayẹyẹ ọdún ẹgbẹ́ dé. Ṣé àdìrẹ ni kí a rà tàbí léèsì? Ṣé aláwọ̀ ewé ni tàbí aláwọ̀ aró? Gbogbo ènìyàn ni ó mọ aṣọ, nítorí náà gbogbo ènìyàn ni ó ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Wákàtí kan ààbọ̀ ti lọ.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méje lù nígbà tí akọ̀wé ka ohun tí ó kù nínú ìwé: "Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa àti èdè Yorùbá." Bàbá kan nawọ́, ó ní, "Alága wa, ẹ má bínú. Àwọn tó ni gbọ̀ngàn ti fẹ́ tilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí a gbé èyí sí oṣù tó ń bọ̀." Gbogbo ilé ní ó dára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní oṣù kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní oṣù kẹta.

Kò sí ẹni burúkú nínú ìpàdé yẹn. Kò sí oṣù kan tí wọ́n jókòó pinnu pé kí àwọn ọmọ má gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé yóò pé ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹni tí yóò wá gba ipò alága lọ́wọ́ wọn ni ọmọ náà. Bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣe ìpàdé, ta ni yóò máa jókòó síbẹ̀?

Ààfin àti ẹnu ọ̀nà

Àwọn kan lè sọ pé àṣà wa ni kò fún olórí láyè. Wọ́n á ní lọ́dọ̀ Yorùbá, ilẹ̀kùn àgbà gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀. Alága tí kò gbé fóònù ti di agbéraga. Òótọ́ ni pé a fẹ́ràn olórí tí ojú rẹ̀ ṣeé rí. Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí wọ́n ṣe ń ṣètò ààfin láyé àtijọ́, a óò rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ ni ó ń dé ọ̀dọ̀ ọba.

Samuel Johnson ṣàlàyé èyí nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ní Ọ̀yọ́, àwọn ìwẹ̀fà mẹ́ta ni ó ń ṣojú Aláàfin. Ọ̀nà Ìwẹ̀fà ń gbọ́ ẹjọ́ nígbà tí ọba kò bá lè jókòó, ìdájọ́ rẹ̀ sì múlẹ̀. Ọ̀tún Ìwẹ̀fà ń mójú tó ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ Ṣàngó. Òsì Ìwẹ̀fà ń dúró fún ọba nínú ọ̀rọ̀ ìjọba àti ti ogun. Àwọn ìjòyè méje tí à ń pè ní Ọ̀yọ́ Mèsì, tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn, sì ń bá ọba gbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìlú. Ní Ilé-Ifẹ̀ ẹ̀wẹ̀, Ọọ̀ni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn kì í gba orí ìdùnnú bọ́ sórí ìtẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó máa ń kọ́kọ́ wọ Ilé Ilófì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní ohun tí ipò náà gbà, kí ó tó jáde sí gbangba.

A kò lè sọ pé nítorí kí ọba lè ráyè ronú ni wọ́n ṣe dá ipò àwọn ìwẹ̀fà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ agbára, ẹ̀sìn àti ọ̀wọ̀ ipò ọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà tí olórí òde òní lè mú. Wọ́n pín ẹnu ọ̀nà fún àwọn ènìyàn tí a mọ̀, àwọn yẹn sì ní àṣẹ láti dáhùn. Ẹni tí ó mú ẹjọ́ wá kò padà lọ láìrí ẹni gbọ́ ọ. Ohun tí ó máa ń bí àwọn ènìyàn nínú ni kí wọ́n pe olórí kí ó má dáhùn, kí wọ́n má sì mọ ẹlòmíràn tí wọ́n lè pè.

Oṣù keje ọdún 1953

Àpẹẹrẹ olórí tí ó yọ àkókò sọ́tọ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ kún wà nínú ìtàn Eisenhower kan náà tí a mẹ́nu bà lókè. Oṣù kìíní ọdún 1953 ni ó gorí àlééfà. Ní oṣù kẹta, Stalin, olórí ìjọba Soviet, kú. Ogun Korea ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ó di ọjọ́ 27 oṣù keje kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé pé kí ìjà dúró. Kò sí ẹni tí ì bá bá a wí bí ó bá sọ pé òun kò ráyè.

Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún, òun àti díẹ̀ nínú àwọn olùdámọ̀ràn rẹ̀ jókòó sínú yàrá kan ní òkè White House tí oòrùn máa ń ràn sí dáadáa. Orúkọ yàrá náà ni Solarium, orúkọ yẹn ni wọ́n sì fún iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni: báwo ni kí Amẹ́ríkà ṣe bá ìjọba Soviet lò fún ọ̀pọ̀ ọdún tó ń bọ̀? Wọ́n yan ẹgbẹ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba èrò kan tí ó yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, wọ́n sì sọ fún wọn pé kí wọ́n gbèjà èrò náà débi tí agbára wọn bá lè dé. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ológun kan ní Washington ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, ní ìkọ̀kọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ní ọjọ́ 16 oṣù keje, àwọn ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sọ tẹnu wọn níwájú Ààrẹ àti ìgbìmọ̀ ààbò rẹ̀. Eisenhower jókòó, ó gbọ́ wọn. Ohun tí wọ́n sọ wà lára ohun tí wọ́n fi kọ ìlànà ìjọba tuntun tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún náà.

Nǹkan mẹ́rin ni ó yẹ kí a ṣàkíyèsí níbí. Wọ́n ti dá ọjọ́ tí wọn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú. Ibi tí iṣẹ́ òòjọ́ kò ti lè dí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Olórí fúnra rẹ̀ ni ó béèrè pé kí àwọn ènìyàn ta ko ara wọn níwájú òun. Paríparí rẹ̀, ìwé jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò parí sínú afẹ́fẹ́.

Ìbàdàn, ọdún 1950 sí 1955

Ẹni tí kò ní White House ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ìbàdàn. Ní ọdún 1950, lọ́yà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, oníbàárà wà lọ́rùn rẹ̀. Ìwé ìròyìn Nigerian Tribune, tí ó dá sílẹ̀ ní 1949, kò tíì ju ọmọ ọwọ́ lọ. Kò sí ìjọba kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹta ọdún yẹn, àwọn ènìyàn díẹ̀ péjọ sí ilé rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ti bẹ̀rẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún kan, wọ́n ń pàdé láìpariwo. Wọ́n pín iṣẹ́ láàárín ara wọn kí wọ́n lè kọ èrò sílẹ̀ lórí ohun tí ìjọba yẹ kí ó ṣe nípa ẹ̀kọ́, ìlera àti àwọn nǹkan mìíràn. Ọdún 1951 ni wọ́n tó jáde sí gbangba, wọ́n sì ṣe àpéjọ ńlá ní Ọ̀wọ̀ ní oṣù kẹrin.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe. Ní oṣù keje ọdún 1952, S. O. Awókọ̀yà, tí ó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ síwájú ilé aṣòfin. Oṣù kìíní ọdún 1955 ni wọ́n dá pé yóò bẹ̀rẹ̀. Ọdún méjì ààbọ̀ ni wọ́n ní láti kọ́ yàrá ìkàwé kí wọ́n sì kọ́ àwọn tíṣà.

Láàárín ìgbà náà, ọ̀rọ̀ kánjúkánjú kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Owó tí ìjọba bu lé àwọn ènìyàn lórí nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera bí ọ̀pọ̀ nínú. Nígbà ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1954, ẹgbẹ́ NCNC borí wọn ní agbègbè àwọn fúnra wọn. Olórí tí kò ní ohun tí ó ti rò sílẹ̀ lè sọ pé kí a fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ná. Àwọn kò fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ilé-ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà, tí wọ́n jẹ́ bí 381,000 ní 1952, di bí 811,000 ní 1955. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí àti àwọn òbí àgbà tí ó kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Houston tàbí Toronto lẹ́yìn náà, inú ilé-ìwé yẹn ni wọ́n ti kọ́kọ́ di ṣọ́ọ̀kì mú.

Ètò náà kò pé tán. Àwọn ọmọ tí ó jáde wá ju iye tí ìjọba ṣírò lọ. Tíṣà kò tó, yàrá kò tó. Èyí náà jẹ́ ẹ̀kọ́ fún wa. Àròjinlẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kò lè rí gbogbo ohun tó ń bọ̀ wá. Ìdí nìyẹn tí babaláwo kì í fi dífá lẹ́ẹ̀kan kí ó ká ọpọ́n nílẹ̀ fún gbogbo ọdún.

Bí a ṣe lè ṣe é

Kí ni nọ́ọ̀sì tí ó jẹ́ alága ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù lè rí mú nínú gbogbo èyí? Kò ní ìwẹ̀fà, kò sì lè rán ènìyàn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ológun. Ṣùgbọ́n àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí kò wọ́n.

Èkíní, kí ó dá ọjọ́. Wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó kọ ọ́ sínú kàlẹ́ńdà bí ìgbà tí ó ní ìpàdé pẹ̀lú dókítà. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kò gbọdọ̀ mú àkókò tí ó yẹ kí ó fi sùn. Ìrònú ẹni tí oorun ń kùn kì í jinlẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá bàjẹ́, kí ó sún ọjọ́ náà sí iwájú, kí ó má ṣe pa á rẹ́.

Èkejì, kí ó yan aṣọ́nà. Igbákejì alága tàbí akọ̀wé lè gba fóònù ní àkókò náà, kí ó sì ní àṣẹ láti dáhùn. Kí gbogbo ẹgbẹ́ mọ orúkọ ẹni tí wọn yóò pè. Kí wọ́n sì fẹnu kò lórí ohun tí ó jẹ́ pàjáwìrì ní tòótọ́: bí ikú, àìsàn líle, tàbí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Àwọ̀ aṣọ ẹbí kò sí lára rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó mú ìbéèrè kan ṣoṣo dání. Ẹni tí ó bá kó ìbéèrè mẹ́wàá wọlé yóò kó mẹ́wàá jáde. Kí ó kọ ìbéèrè náà sórí ìwé ní gbólóhùn kan, fún àpẹẹrẹ: "Ta ni yóò máa sọ Yorùbá nínú ẹgbẹ́ yìí ní ọdún mẹ́wàá sí i?" Kí fóònù wà nínú yàrá mìíràn.

Ẹ̀kẹrin, kí ó kọ nǹkan sílẹ̀ kí ó tó dìde. Ojú ìwé kan tó. Kí ni mo rí? Kí ni n kò tíì mọ̀, ta ni mo sì lè bi? Kí ni a óò dáwọ́ rẹ̀ dúró kí èyí lè ráyè? Ìbéèrè tó kẹ́yìn yìí ni ó máa ń ṣòro jù, nítorí kò sí iṣẹ́ tuntun tí kò ní gba àyè lọ́wọ́ iṣẹ́ àtijọ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí ó gbé e fún àwọn ẹlòmíràn. Yorùbá ní, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀." Alága lè bẹ ẹni mẹ́ta: kí ẹnì kan gbèjà kíláàsì Yorùbá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ẹnì kejì gbèjà kí a máa kó àwọn ọmọ lọ sílé nígbà ọlidé, kí ẹnì kẹta gbèjà kí àwọn òbí máa sọ Yorùbá nílé. Kí ó rí i pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀dọ́ náà lè sọ ohun tí àgbà kò fẹ́ gbọ́: pé wọ́n máa ń fi òun rẹ́rìn-ín nígbà tí òun bá gbìyànjú láti sọ èdè náà.

Ẹ̀kẹfà, kí ó yí ètò ìpàdé padà. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù ni kí ó ṣáájú, nígbà tí ara àwọn ènìyàn ṣì le. Kí aṣọ ẹbí gbẹ̀yìn. Bí gbọ̀ngàn bá fẹ́ tì nígbà náà, ẹni mẹ́ta tí wọ́n mọ aṣọ rà lè lọ parí rẹ̀.

Ohun tí ó kù

Àwọn kan yóò sọ pé ìrònú kì í ṣe iṣẹ́, pé olórí tí ó jókòó sínú yàrá ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò ń sá fún iṣẹ́ ni. Ọ̀nà tí ó dára jù láti dá wọn lóhùn ni kí olórí jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí ó ti inú yàrá náà jáde. Bí ìbéèrè kan bá ti ibẹ̀ dé orí tábìlì ìpàdé, tí àwọn ènìyàn jiyàn lórí rẹ̀, tí wọ́n sì dáwọ́ lé nǹkan kan, aṣọ́nà kò ní nílò láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ẹgbẹ́ náà lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ márùn-ún nínú pálọ̀ ẹnì kan. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó lè hàn pé ọjọ́ Àbámẹ́ta kò dára, nítorí bọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọ ń gbá lọ́jọ́ náà. Ìyẹn kò ba nǹkan kan jẹ́. Ọjọ́ ìrònú tí alága ti dá yóò tún pé, yóò sì gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Fi ọ̀rọ̀ ara rẹ ṣàlàyé òwe tí ó bẹ̀rẹ̀ àpilẹ̀kọ yìí. Kí ni ìdí tí ọrọọrún fi jẹ́ ọjọ́ karùn-ún nígbà tí ọ̀sẹ̀ jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ kánjúkánjú àti ọ̀rọ̀ pàtàkì? Mú àpẹẹrẹ méjì wá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan láti inú ìgbé ayé rẹ.
3. Kí ni iṣẹ́ aṣọ́nà? Ǹjẹ́ o gbà pé ó bá àṣà Yorùbá mu kí olórí ní aṣọ́nà?
4. Ká ní ìwọ ni ọ̀dọ́ tí wọ́n pè sí ìpàdé ẹgbẹ́ náà. Kọ ohun tí o máa sọ fún àwọn àgbà ní gbólóhùn mẹ́wàá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó yẹ.